Ìkúnlẹ̀ Sàúdátù Nínú Fèrèsé Pẹ́mbátìn

Ẹni tó bá ní Sàúdátù bẹ̀bẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú èmi Morónfólú. Mo wà níbẹ̀. Fèrèsé tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tèmi wà lápá òsì, ẹnu ọ̀nà ńlá ló là wá láàárín. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, àwòrán inú fóònù kan ò lè wá kọ́ mi. Ó kúnlẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n pé ó bẹ̀bẹ̀? Sàúdátù wo? Sàúdátù ọmọ Inísà tí mo mọ̀ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bínú láàárọ̀ yìí.

Èmi kì í ṣe ẹbí rẹ̀ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ìjọ Onítẹ̀bọmi là ń lọ, Accra ni wọ́n bí mi sí. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, kò sí pé mò ń pe ẹnì kan ní "ẹ̀yin". Bó bá fẹ́ bú mi, á ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ̀ ju kó máa ro èrè lọ. Èmi náà á ní ará Inísà, bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, ìgbà yẹn ló máa ń rántí ọ̀rọ̀ sọ. Báyìí la ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú.

Ilé tí mò ń wí wà ní Accra, lójú títì tó já sí ọjà Okaishie. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pẹ́mbátìn ló kọ́ ọ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè níwájú ilé, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ti já bọ́ sórí ọkọ̀ ẹnì kan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà níwájú rẹ̀, ó ní òpó tó nípọn, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń sá òjò sí. Lọ́tùn-ún àti lósì ẹnu ọ̀nà, fèrèsé gíláàsì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó yàrá. Inú rẹ̀ ni òyìnbó ń gbé ère kalẹ̀ sí, á wọ aṣọ fún wọn, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i kójú rẹ̀ wọ̀ ọ́. Wọn kì í ná ọjà níbẹ̀ o. Iye tí wọ́n bá kọ mọ́ ọn lára lo máa san, bí o bá ní kí wọ́n dín in, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àwọn ọmọge tó ń tajà níbẹ̀ ń wọ síkẹ́ẹ̀tì búlúù, wọ́n ń fọ èdè òyìnbó fòò-fòò nímú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Gã, àwọn ọmọ onílẹ̀ Accra, ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà lé. Òyìnbó gbà á síṣẹ́ kí inú onílẹ̀ lè máa dùn. Ẹ fi ọmọge yẹn sọ́kàn.

Ìta gíláàsì ni ìyá Sàúdátù ń jókòó sí, nílẹ̀, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ló ń tà lórí àtẹ. Àwọn Gã ń pè é ní Maame Alata, ìyẹn ìyá ará Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin wa. Ọlọ́dẹ oníkákí kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi kóńdó lé gbogbo alátẹ. Á lé eléso, á lé aláṣọ, á ta àtẹ ẹlẹ́pà nù. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá Sàúdátù, á yí ojú sápá ibòmíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ìyá náà gan-an ní ojú rere Ọlọ́run ni, ó sì ń dúpẹ́ lórí ẹní ìrun rẹ̀.

Obìnrin yẹn lè kúnlẹ̀! Ẹni bá ti kọjá, ó ti wà nílẹ̀. Àgbà, ọmọge olùtajà, pásítọ̀, ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀. Bí àtẹ bá wà lórí rẹ̀, á fọwọ́ kan dì í mú, á sì kanlẹ̀ náà ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn.

Nígbà tó yá, òfin jáde pé kí àjèjì tí kò bá níwèé kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Àwọn tó ti bímọ síbí, tó ti sin òbí síbí, wọ́n di àjèjì lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi níwèé, àwa ò lọ. Ìyá Sàúdátù ò ní. Ó pọn àbíkẹ́yìn, ó di Sàúdátù lọ́wọ́ mú, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù lọ sí Inísà. Títí di òní, tí Sàúdátù bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀. Inú á bí i bí ẹni pé àná ni. Inú mi náà á sì bí mi, mo kàn máa ń dibọ́n pé mò ń nu àgádágodo tí mò ń tà.

Inísà ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti fi ìkúnlẹ̀ kọ́ ọ dójú àmì. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Àjàlá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta òkìrìkà, òun ló sì mú un padà wá sí Accra, nítorí Kantamanto ni ọjà Àjàlá wà. Ọjọ́ tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kò béèrè ilé tí wọ́n máa sùn. Pẹ́mbátìn ló béèrè. Ó ní kí Àjàlá mú òun débẹ̀ ná. Ó débẹ̀, ó dúró níwájú gíláàsì, ó ní, "Ṣé ibi kékeré báyìí náà ni?"

Òyìnbó ti lọ nígbà náà. Ìjọba ló ń tajà níbẹ̀, ká má purọ́, pẹpẹ ló ń tà, nítorí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun wá gbéjọba sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò bí èèyàn gidi, wọ́n ti Pẹ́mbátìn pa. Ilé padà sọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀. Àwọn náà fi pákó gé inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí oníṣòwò tó bá fẹ́ ibùjókòó wá mú un.

Ha, ẹ wá wo ìjà! Inú ilé ni gbogbo èèyàn ń sáré sí, ibi tí òòrùn kì í dé. Èmi gan-an ń sáré. Ìgbà náà ni mo rí obìnrin dúdú pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó ń gun inú fèrèsé lọ tòun ti ìdì ẹrù. Àwọn èèyàn ní kò gbọ́n. Ibi tí kò fẹ̀, tí gbogbo títì á máa wò ọ́ bó o ṣe ń jẹun? Abena tó ń ta ìkòkò bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Maame Alata fẹ́ di ère!" Sàúdátù dá a lóhùn látinú ibẹ̀, eruku ti bo gbogbo orí rẹ̀: "Ìyá mi jókòó síta gíláàsì yìí títí wọ́n fi lé e. Inú rẹ̀ lèmi máa jókòó sí. Kí gbogbo ayé máa wò mí, mo fẹ́ kí wọ́n wò mí!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe yà kúrò lórí ìlà nìyẹn, tí mo lọ gba fèrèsé kejì.

Ère kan ṣẹ́kù nínú fèrèsé tirẹ̀, òyìnbó obìnrin onímú ṣónṣó. Ààfáà wọn ní kò gbọdọ̀ gbé ère sílé ìtajà. Sàúdátù ní kò burú. Ó yá ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, ó rẹ́ orí òyìnbó náà, ó wá fi híjáàbù kọ́ ọrùn rẹ̀, nítorí síkáàfù àti híjáàbù ló ń tà. Ààfáà yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Sàúdátù gbé orí náà fún èmi Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Mo fi ń ti ilẹ̀kùn kó má baà pa dé, ó ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni a jókòó sí tí ọmọ fi dàgbà. Ibẹ̀ ni Sàúdátù jókòó sí tí Àjàlá fi kú, tó ṣe opó tán tó sì padà wá. Suhaib, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, abẹ́ tábìlì inú fèrèsé yẹn ló ti kọ́ ABD. Ọmọ náà mọ̀wé, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Yorùbá ni kò fi bẹ́ẹ̀ dán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, tó bá sì fẹ́ sọ ọ́, "ìwọ" ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Èmi á rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ á ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú kòrónà ni wàhálà dé. Ọ̀gbẹ́ni Tagoe, tó ń bá ẹbí náà bójú tó ilé, rán akọ̀wé rẹ̀ sí wa pé kí a kó jáde. Wọ́n fẹ́ wó Pẹ́mbátìn. Wọ́n ti rí ẹni tó máa fi gíláàsì kọ́ ilé tuntun síbẹ̀ láti ilẹ̀ dé ojú sánmà. A ní àwa ńkọ́? Akọ̀wé náà ní ọjà pọ̀ ní Accra, kí a lọ wá ibòmíràn.

Gbogbo wa pé sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo gba títì. A fi Sàúdátù ṣe olórí. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó dìde dúró sórí àpótí, ó ní, "Wọ́n ti lé mi kúrò níbí rí. Ọmọdé ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí, mo ti lẹ́nu. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ di ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ kí n jáde, kó wá gbé mi!" Gbogbo wa patẹ́wọ́. A búra pé ẹnì kan ò ní kó jáde níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kejì bá ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ fún yín, ìgbà tí a bá dúró papọ̀ nìkan la lè borí. Tí ẹnì kan bá yọ ẹsẹ̀, gbogbo wa ti tán nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Tagoe fúnra rẹ̀ wá. Àárọ̀ ni. Ọkùnrin onírun funfun ni, ó mọ́ra, ó gbé ọ̀pá dání. A ò mọ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ló ní ọ̀gá òun nìyí. Sàúdátù ń tẹ́ síkáàfù. Ó gbójú sókè, ó rí àgbàlagbà pẹ̀lú ewú lórí, tó jẹ́ aṣojú onílé. Kí ni ọmọ Inísà máa ṣe? Ó jáde nínú fèrèsé, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó dorí kọ ilẹ̀, ó kí i káàárọ̀. Akọ̀wé tó tẹ̀ lé Tagoe yọ fóònù. Tagoe fọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Maame, mo ti gbọ́. Dìde." Ó lọ, kò tilẹ̀ bá wa sọ ọ̀rọ̀ ìjà kankan.

Sàúdátù gbọn ilẹ̀ kúrò lórúnkún, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Morónfólú, o rí i? Ọmọlúàbí èèyàn ni ọkùnrin yìí. Ó jẹ́ ìkíni."

Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì ò gbọ́n.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tán tí àwòrán náà fi dé orí Wátsáàpù gbogbo Okaishie. Sàúdátù nílẹ̀, orí rẹ̀ ní títẹ̀, ọwọ́ Tagoe léjìká rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olórí àwọn tó ń ya olóríkunkun ní Pẹ́mbátìn ti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ti gbà láti lọ. Nígbà tí mo jáde, Abena ti ń kó ìkòkò sínú àpò. Mo ní, "Abena, kí lò ń ṣe yẹn?" Kò wo ojú mi. Ó ní bí olórí bá ti bẹ̀bẹ̀, ta lòun tí òun á dúró? Àwọn tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ti ń yọ ìṣó lára pákó.

Sàúdátù dé àárín wọn, ó ń lọgun: "Ta ló bẹ̀bẹ̀? Mo kí i ni! Ṣé ẹ ò rí mi rí ni? Abena, ṣé mi ò kí ìyá rẹ báyìí nígbà tó wá láti Koforidua?"

Abena ní, "Mo mọ̀, Maame. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, ó ti ní òun jẹ̀bi. Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ ọ́ rí. Ohun tó rí ló sọ."

 Sàúdátù padà sínú fèrèsé, ó jókòó ti òyìnbó aláìlórí rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó dákẹ́, ẹ̀rù sì bà mí.

Fóònù rẹ̀ dún. Suhaib ni. Ohùn ọmọ náà le débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi. Ó ní gbogbo ẹni tó wà ní báńkì ti rí i. "Màámi, kí ló dé tí o bẹ̀ ẹ́? Kí ló dé tí o dójú tì mí?" Sàúdátù gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún un pé, "Ìwọ náà, Suhaib? Ìwọ tí mo bí?" Ó pa á. Omijé dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo bú Suhaib nínú mi ní èdè tí mo gbọ́ àti èyí tí mi ò gbọ́.

Tagoe tún ránṣẹ́. Ó ní nítorí ẹ̀bẹ̀ Sàúdátù, òun á fún un ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ilé ìyàgbẹ́, títí wọ́n á fi wó o. Sàúdátù sọ fún ìránṣẹ́ náà pé kí ọ̀gá rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹbí tó ni ilé, lójúkojú. Ní ilẹ̀ Gã, ẹnì kan kì í dá ilẹ̀ ẹbí tà. Naa Dedei ni àgbà obìnrin wọn. Bí Màmá yẹn kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó lè yọ òkúta kan lára Pẹ́mbátìn. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa láti wá bá wọn.

Suhaib ló fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé ẹbí náà ní Jamestown. Kò tíì tọrọ àforíjì, ó kàn wá ni, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Màámi, jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ níbẹ̀ o. Dúró. Bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

Èmi náà dá sí i. Mo ní, "Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Lónìí nìkan, Sàúdátù. Dúró gbọnyin."

Ó wo ìta fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, "Mo máa kúnlẹ̀. Bí mo bá nàró síwájú àgbà nítorí ohun tí akọ̀wé kan kọ sórí fóònù, kí ló tún kù tí wọn ò tíì gbà lọ́wọ́ mi? Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ìyá mi, wọn ò gba orúnkún rẹ̀. Tèmi náà, wọn ò ní gbà á." Mo ní ará Inísà ò gbọ́ràn. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Àgbàlá ilé náà kún fọ́fọ́. Àwọn àgbà ẹbí jókòó sórí àga, Abena àti àwọn ará Pẹ́mbátìn tó kù tò sẹ́yìn. Naa Dedei wà láàárín, wọ́n ti gbó, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì mú. Wọ́n fún wa lómi mu, wọ́n béèrè ohun tí a bá wá. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Sàúdátù ti bọ́ síwájú. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbì, ó dorí kodò níwájú Màmá.

Gbogbo àgbàlá mí kanlẹ̀. Tagoe na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ ti rí i fúnra yín."

Naa Dedei ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Tagoe, ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀ nínú fèrèsé rẹ̀ títí ọdún tó ń bọ̀ á fi parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wó o. Kí àwọn yòókù máa kó jáde."

Èmi wà nínú àwọn yòókù o. Síbẹ̀ mo fi ìka tọ́ ọ lẹ́yìn, mo ní, "Sọ pé o ṣeun, jàre! Gba ìyẹn ná!" Ọdún kan kì í ṣe kékeré.

Sàúdátù gbórí sókè, kò dìde. Gã rẹ̀ ò dán tó tèmi, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo ayé. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ yín."

Tagoe ní, "Kí ló wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí wọn ni. Àgbà ni wọ́n. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti kí àgbà nìyẹn. Ìwọ náà, mo kí ọ nítorí ewú orí rẹ, o lọ fi ìkíni mi ṣe ìwé ìlélọ. Ta ló gbọ́ 'ẹ jọ̀ọ́' lẹ́nu mi? Kó jáde síta! Mi ò dẹ́ṣẹ̀, mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì ní kúrò ní Pẹ́mbátìn. Mi ò fẹ́ ọdún kan tí ẹ fún èmi nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ dá mi dúró, ẹ dá gbogbo wa dúró. Mo ti kí yín tán." Ó wá dìde, ó sì gbọn ilẹ̀ kúrò lórúnkún.

Ariwo sọ. Tagoe ń pariwo pé ẹ ò rí ìgbéraga Alata? Suhaib di ìyá rẹ̀ lápá mú, ó fẹ́ fà á jáde. Mo mọ̀ pé ó ti bà jẹ́. Àánú tí wọ́n ti gbé fún un, ó ti dà á padà sí wọn lójú.

Naa Dedei gbé ọwọ́ sókè, ibẹ̀ parọ́rọ́. Wọ́n ní, "Ta ni ìyá rẹ?"

"Maame Alata olówùú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Pẹ́mbátìn ló ń jókòó sí."

"Obìnrin pupa, tó kọlà? Tó máa ń gbé àtẹ bọ́tìnì?"

"Òun náà ni."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.  Wọ́n ní, "Mo ṣiṣẹ́ ní Pẹ́mbátìn nígbà ọmọge mi. Láàárọ̀ ojoojúmọ́ ni obìnrin yẹn ń kúnlẹ̀ fún mi, tòun ti ẹrù lórí. Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọlọ́dẹ lé òun ni. Mo sọ fún ọlọ́dẹ pé tó bá fọwọ́ kàn án, bàbá mi á gbọ́. Ṣé kò bẹ̀ mí?"

Mo wo Sàúdátù. Ì bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bẹ̀ yín, ká lè lọ sílé. Ó ní, "Rárá, Màmá. Ó ń kí yín ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá ò rẹ́rìn-ín.  Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí wọ́n lé yín ńkọ́? Ó wá bá mi. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀kan lọ́wọ́ mú. Ó kúnlẹ̀, ó di etí síkẹ́ẹ̀tì mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ lédè yín. Mo rò pé ó ní kí n fi àwọn pamọ́ ni. Kí ni mo lè ṣe? Ọmọge ni mí. Mo já ara mi gbà, mo sá wọlé, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títí ó fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i. Tí mo bá ti gbọ́ pé ẹnì kan kúnlẹ̀, òun ni mo máa ń rí."

Sàúdátù tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di ọwọ́ Màmá méjèèjì mú. Ó ní, "Èmi ni ọmọ tó dì lọ́wọ́ mú. Kò ní kẹ́ ẹ fi wá pamọ́ o. Ó wá dágbére ni. 'Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀', ohun tó sọ nìyẹn. Ó rí i tí ẹ bo ojú, tí ẹ sá wọlé, ó gbà pé ẹ ń sunkún ni. Títí tó fi kú ní Inísà ló ń sọ ọ́ fún wa. Ó ní, 'Wọ́n lé mi ní Accra, ṣùgbọ́n ẹnì kan sunkún mi.'"

Naa Dedei bú sẹ́kún níwájú gbogbo ẹbí wọn. Wọn ò fi pamọ́, wọn ò bo ojú. Èmi náà ń sunkún, Abena ń sunkún, ikun ń dà nímú mi. Nígbà tí Màmá lè sọ̀rọ̀, Tagoe ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ lọ níṣojú mi. Ọmọ rẹ̀ ò ní lọ níṣojú mi, àti gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gíláàsì pé ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Gíláàsì ti wà ní Pẹ́mbátìn, èèyàn sì ti wà nínú rẹ̀."

Ibẹ̀ ni Suhaib ti ya wèrè. Ọmọ báńkì, tòun ti táì, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja síwájú Màmá, ó ní òun ń dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lọ síbí, ọwọ́ kan lọ sọ́hùn-ún, táì rẹ̀ wọnú omi tí a mu kù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ láti ilẹ̀, ó ní, "Màámi, má bínú." Sàúdátù ní, "'Ẹ má bínú' là ń wí. Dìde, o ti ba aṣọ jẹ́." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

A ṣì wà níbẹ̀. Òrùlé ń jò, lẹ́tà kejì náà ti fẹ́ já bọ́, Naa Dedei sì ti dàgbà gan-an, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Bí wọ́n bá tún dé, wọ́n á bá wa. Orúnkún ń dun Sàúdátù báyìí, ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí Tagoe bá ń kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, á jáde síwájú fèrèsé, á kanlẹ̀ gbì, á lọgun, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Èmi á kanlẹ̀ níwájú tèmi, Abena á gbé ìkòkò sílẹ̀, á kanlẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wà nílẹ̀, àwọn awakọ̀ trotro akérò á máa fọn fèrè. Ọkùnrin náà kò lè wo ojú wa mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yìn ọjà Makola ló máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà tó jìn tó sì kún fún ẹrẹ̀.

Mo bi Sàúdátù lánàá pé ṣé kò tíì tó, ṣé kò ní fi àgbàlagbà lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń wọ híjáàbù tuntun fún òyìnbó aláìlórí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó ní, "Kí ni mo fi ṣe é? Mò ń kí i ni."